Camry Bàbá HM tó ń jẹ omi: èyí tá a sún síwájú àti èyí tá ò sún

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àbúrò bàbá mi ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí, mo sì fẹ́ kọ ọ́ tán pátápátá, torí púpọ̀ nínú wa lápá ibí ló ń wa ọkọ̀ tó ti dàgbà, mẹkáníìkì á kàn kọ lísìtì gbọọrọ léni lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, owó ò sì sí nílẹ̀, kéèyàn tó wá mọ èyí tó lè dúró àti èyí tí ò lè dúró nínú lísìtì yẹn, orí á ti fẹ́ẹ̀ fọ́ tán.

Bàbá HM la máa ń pè wọ́n, torí pé hẹdimásítà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì ní Ìsánlú, ní ìpínlẹ̀ Kogí níbí, àmọ́ Kábbà ni wọ́n kọ́lé sí. Camry 2003 ni ọkọ̀ wọn, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní Big Daddy, ẹ́ńjìnnì 2.4 onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin. Tòkunbọ̀ ni wọ́n rà á nígbà tí owó ṣì jẹ́ owó. Mo ní láti sọ ìyẹn torí òun gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le. Kó tó di June 2023 tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ lọ́jà, èèyàn ṣì lè sọ pé òun á ta èyí, òun á fi díẹ̀ lé e, òun á ra òmíràn. Ní báyìí, irú Camry yẹn kan náà, pẹ̀lú gbogbo gbígbó rẹ̀, iye tí wọ́n ń pè é ti ju iye tí Bàbá rà á lọ fíìfíì, ẹni tó sì ń jẹun lórí owó ìfẹ̀yìntì ò lè sún mọ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti òkè òkun. Torí náà èyí tó wà lọ́wọ́ yẹn náà la máa tọ́jú.

Lópin August ni Bàbá rí i pé omi rédíétọ̀ ń dín kù. Ilẹ̀ ibi tí ọkọ̀ ń sùn gbẹ táútáú, kò sí ẹ̀kán omi kankan lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á bu omi kún un ní Sunday kí wọ́n tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tó bá fi máa di Sunday míì ó ti tún lọ sílẹ̀. Ọkọ̀ ọ̀hún ò tíì gbóná jù rí o, géèjì ò kúrò lójú ibi tó máa ń dúró sí, kò sí èéfín funfun. Wọ́n gbé e lọ bá mẹkáníìkì wọn, ọmọkùnrin tó ti ń tún un ṣe bọ̀ látìgbà tí wọ́n ti rà á, ó wò ó, ó ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni, èyí tí wọ́n tẹ́ sáàárín tọ́ọ̀pù sìlíńdà àti búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì kí omi má bàa jò, ó bá kọ lísìtì: tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì àti gbogbo ohun tó bá a rìn pẹ̀lú owó iṣẹ́ ₦385,000, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ AC ₦140,000, ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn méjèèjì ₦90,000, ball joint iwájú méjèèjì (oríkèé tó di táyà mú mọ́ abẹ́ ọkọ̀) ₦36,000, ẹ́ńjìnnì síìtì kan ₦25,000. Gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ ₦676,000.

Owó tó wà lọ́wọ́ Bàbá nígbà yẹn jẹ́ ₦310,000, ₦220,000 nínú ẹ̀ sì ti ní iṣẹ́ tirẹ̀, owó ilé ìwé ni, ọmọ wọn obìnrin tó kẹ́yìn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí Federal University ní Lọ́kọ́jà. Owó kọ́páréètì wọn á jáde ní December, wọ́n sì lè yá nínú ẹ̀ kó tó dìgbà yẹn, àmọ́ èlé wà lórí ẹ̀. Bàbá bá pè mí. Iṣẹ́ títún ẹ̀rọ ṣe ni mò ń ṣe ní Lọ́kọ́jà, kì í ṣe ti ọkọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀wé ẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ní, "Má jẹ̀ẹ́ kí n lọ yá owó kóo tó wá fojú ara ẹ rí nǹkan yìí o."

Ìmọ̀ràn ti kún ilé kí n tó dé. Mẹkáníìkì fúnra ẹ̀ ti rí i pé owó ò sí, ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká yọ thermostat, ká da stop leak sí i, á gbé yín dé December." Ọmọ wọn àgbà tó wà l'Ábújá ní kí wọ́n má dà á láàmú, kí wọ́n kúkú wá ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ jókòó sí i. Màmá ní tiwọn ní kí wọ́n tà á, kí gbogbo èèyàn sinmi.

Èmi ò fara mọ́ ti mẹkáníìkì yẹn rárá, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ire ló rò. Thermostat ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná débi tó yẹ, nǹkan bí 82°C ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, téèyàn bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì á máa pẹ́ kó tó gbóná dáadáa, á máa mu epo, omi tó ń lọ níbi tó ń lọ ò sì ní torí ẹ̀ dáwọ́ dúró. Stop leak tí wọ́n ń dà sínú rédíétọ̀ kó lè dí ibi tó ń jò ńkọ́? Kò mọ ihò tó yẹ kó dí yàtọ̀ sí èyí tí ò yẹ kó dí. Inú rédíétọ̀, páìpù tín-ín-rín tín-ín-rín ló kún ibẹ̀, tó bá dí àwọn ìyẹn, ọkọ̀ tí ò gbóná rí á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Kí ló wá dé tí a máa fi owó ara wa ra ìyẹn?

Mo yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn sínú rédíétọ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan ní Lọ́kọ́jà, mo gbé e lọ sí Kábbà. Àárọ̀ kùtù ni mo lò ó kí wọ́n tó ta ọkọ̀ náà rárá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ èyí dáadáa o, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí ìdérí rédíétọ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì gbóná, omi inú ẹ̀ lè ti kọjá ibi tí omi ń hó sí, ìdérí yẹn ló kàn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá ṣí i ojú àti àyà ló máa fò mọ́. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo lọ jẹ àkàrà tí Màmá gbé kalẹ̀, nígbà tí mo padà dé, ọwọ́ géèjì ẹ̀rọ náà ti wálẹ̀ díẹ̀, ìyẹn ni pé ibì kan ń jò. Mo bá mú tọ́ọ̀ṣì àti dígí kékeré tí àwọn obìnrin fi ń wojú, mo tì í sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì lápá ibi tó kọjú sí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ló wà. Níbi tí tọ́ọ̀pù sìlíńdà ti jókòó lé búlọ́ọ̀kù, láàárín gan-an, nǹkan funfun bí iyọ̀ ti gbẹ mọ́ ọn. Omi ń yọ níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ooru ẹ́ńjìnnì sì ń gbẹ ẹ́ kó tó délẹ̀, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ fi gbẹ. Mo fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ọ́ìlì mọ́, kò funfun bíi tíì oníwàrà. Mo ní kí wọ́n ta á, kò sí ìfófòó tó ń hó jáde lẹ́nu rédíétọ̀. Ìta ni omi ń gbà lọ, kò tíì wọnú ọ́ìlì, kò tíì wọ ibi tí epo ti ń jó.

Ẹni tó bá mọ ẹ́ńjìnnì yẹn, 2AZ-FE ni orúkọ ẹ̀, á ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Bóòtù mẹ́wàá ló di tọ́ọ̀pù sìlíńdà ẹ̀ mọ́ búlọ́ọ̀kù, aluminium sì ni búlọ́ọ̀kù náà. Ojú ọ̀nà tí àwọn bóòtù ẹ̀yìn fi wọlé máa ń jẹ tó bá ti pẹ́, bóòtù á wà níbẹ̀ lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò di nǹkan kan mú mọ́, omi á wá rí àyè yọ jáde. Àìsàn tó mọ́ ẹ́ńjìnnì yẹn lára ni, ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń kó wọn wá náà, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ohun tíyẹn túmọ̀ sí fún wa ni pé lísìtì ₦385,000 tí a ń sunkún lé lórí yẹn, kò tiẹ̀ ní ohun tó máa wo àìsàn náà sàn nínú! Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ló wà níbẹ̀, wọ́n á dá bóòtù padà sínú ihò tó ti jẹ yẹn kan náà, tí wọ́n bá ń fún un, á kàn máa yí lófo. Ó ní láti lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ lathe, kí wọ́n gbẹ́ ihò náà, kí wọ́n fi búùṣì irin sí i, kí bóòtù tuntun wá rí nǹkan gidi dì mú. Mo pe mẹkáníìkì wá, mo fi hàn án nínú dígí, mo sì ṣàlàyé fún un. Kò bínú. Ó ní òun ti ṣe irú ẹ̀ rí fún ẹnì kan tí ó tún padà wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀, òun ò mọ ohun tó fà á nígbà yẹn.

Ká ní Bàbá ti sáré yá owó ṣe é ní September, èlé á wà lórí ẹ̀, iṣẹ́ náà ò sì ní dúró.

Ibi tó wá kù ni pé tá a bá dúró de December, ṣé àìsàn náà máa dúró dè wá? Èmi gbà pé ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju iye owó lọ. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ AC tó ti kú, kò lè kú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ooru ló máa mú wa, kò tíì ba nǹkan míì jẹ́. Ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn á máa pariwo, á máa jẹ táyà díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ó ṣeé fara dà fúngbà díẹ̀ téèyàn ò bá sáré. Ti omi yìí yàtọ̀. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá ti hó tán, tọ́ọ̀pù sìlíńdà á tẹ̀, iṣẹ́ ₦385,000 á di ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tí ọmọ Àbújá ń sọ. Gbogbo agbára wa ni pé kò tíì hó rí. Ohun tí a ń ṣọ́ nìyẹn. Ẹ má sì gbára lé géèjì nìkan, torí pé tí omi bá ti lọ sílẹ̀ kọjá ibi tí sẹ́ńsọ̀ wà, afẹ́fẹ́ ló ń bá sọ̀rọ̀, géèjì lè dúró jẹ́ẹ́ láàárín nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń jóná.

Ọ̀rọ̀ ibi tí ọkọ̀ lè kú sí tún wà níbẹ̀. Ọ̀nà Kábbà sí Obajana dára lóòótọ́, kànkéré ni Dangote fi ṣe é, ṣùgbọ́n tírélà símẹ́ǹtì ò sùn níbẹ̀, igbó sì wà lọ́tùn-ún lósì, gbogbo wa la mọ ohun tí àwọn ajínigbé ti sọ ọ̀nà wa dà láti bí ọdún mélòó kan. Apá Ìsánlú sí Ẹ̀gbẹ̀ náà, ẹni tó mọ ọ̀nà kì í fẹ́ kílẹ̀ ṣú òun síbẹ̀. Ọkọ̀ tó bá dúró láàárín ìgboro Kábbà, ẹ máa pe mẹkáníìkì, ẹ máa ra ẹ̀pà jẹ títí á fi dé. Bàbá ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin àti ìyàwó wọn tí ọkọ̀ bá dúró fún nínú igbó ní ìrọ̀lẹ́, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó mọ́. Mo sọ ọ́ fún Bàbá bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, mo sì dọ̀bálẹ̀ sọ ọ́, torí mo mọ̀ pé wọn ò ní fẹ́ gbọ́.

Mo ti fẹ́ dìde ni mo wá ní kí n kúkú wo àwọn ìyókù inú lísìtì náà. A fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, mo di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, mo mì ín. Apá ọ̀tún ń mì lọ mì bọ̀ tó fi jẹ́ pé Màmá tó jókòó sí fàráńdà gbọ́ ọ. Ball joint ìsàlẹ̀ ni, rọ́bà ẹ̀ ti ya, gírísì ti gbẹ tán nínú ẹ̀. Ọkàn mi ṣe gììrì. ₦36,000 yẹn, tó wà nísàlẹ̀ lísìtì tí ẹnikẹ́ni ò kà sí, tí Bàbá tiẹ̀ ti sọ pé àwọn á ṣe é "tọ́wọ́ bá dilẹ̀", òun ni tó bá já lórí ìdagẹ̀rẹ̀, táyà á ṣẹ́ síta, ọkọ̀ á kàn wọ́lẹ̀ ni, kò sí ohun tí síárìn lè ṣe sí i mọ́. Oṣù yẹn náà ni wọ́n sì ti gbé ọkọ̀ yìí lọ sí Lọ́kọ́jà pẹ̀lú tírélà lẹ́yìn tírélà níwájú.

Bí a ṣe pín in nìyí. Ball joint méjèèjì, lọ́jọ́ náà gan-an, kí ọkọ̀ tó kúrò nílé. A pààrọ̀ ìdérí rédíétọ̀ torí rọ́bà abẹ́ ẹ̀ ti le, a da coolant gidi sí i dípò omi kànga tó ń jẹ́ kó dípẹtà, a sì yẹ fáànù méjèèjì wò pé wọ́n ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tọ́ọ̀pù sìlíńdà, ó di ìgbà tí owó kọ́páréètì bá jáde. AC àti ṣọ́ọ̀kù, a ò tiẹ̀ dárúkọ oṣù fún wọn. Owó ilé ìwé ọmọ, a ò fọwọ́ kàn án.

Ṣùgbọ́n sísún tí a sún un ní májẹ̀mú nínú o. Ọkọ̀ ò gbọdọ̀ kọjá Kábbà, ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì, oko tó wà nítòsí, ó tán. Láàárọ̀ kí wọ́n tó ta á, wọ́n á wo omi, wọ́n á sì sàmì sára ike ìfomipamọ́ kí wọ́n lè mọ iye tó lọ. Tó bá fi lè di pé wọ́n ń bu omi sí i lójoojúmọ́, tàbí ọ́ìlì funfun, tàbí èéfín funfun tó ń jáde tí kò sì lọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tán, kí wọ́n gbé e síbẹ̀, kò sí àwíjàre. Ti Lọ́kọ́jà, torí Màmá ń lọ wo ojú ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀ lóṣooṣù, Sienna gáréèjì ni wọ́n á máa wọ̀. Bàbá jókòó, wọ́n ṣírò owó ọkọ̀ èèyàn méjì lálọ àtàbọ̀ títí di December, kò tó èlé tí wọn ì bá san lórí owó tí wọ́n fẹ́ yá, ká má tiẹ̀ tíì sọ ti epo tí Camry ì bá mu.

Ìṣirò yẹn rọrùn. Ohun tí ò rọrùn ni October, nígbà tí wọ́n ń sìnkú àna wọn ní Ẹ̀gbẹ̀. Bàbá fẹ́ gbé ọkọ̀ lọ. Wọ́n pè mí lálẹ́ Thursday, wọ́n ní omi ò lọ sílẹ̀ púpọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, àwọn á rọra wà á, àwọn á gbé jálá omi méjì sí bùùtù. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́." Wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní, "Ṣé o fẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò èrò níwájú àwọn àna mi, pẹ̀lú agbádá lọ́rùn?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ọkọ̀ nílẹ̀ wa kì í ṣe ohun ìrìnnà nìkan, hẹdimásítà tó ti kọ́ ìdajì ìlú níwèé, wọ́n á wo bó ṣe wọlé sí òkú. Mi ò lè sọ pé ìyẹn ò já mọ́ nǹkan, torí ó já mọ́ nǹkan. Àmọ́ ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀ ni, òkè wà níbẹ̀, èèyàn mẹ́rin àti ìkòkò ọbẹ̀ ló fẹ́ kó sọ́kọ̀, ẹ́ńjìnnì á sì ṣiṣẹ́ gan-an. Mo bá pe ẹnì kan tó jẹ́ ọmọ ilé ìwé wọn tẹ́lẹ̀, tó ní jíìpù ní Kábbà, mo ṣàlàyé fún un. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó ní HM ló kọ́ òun ní ìṣirò, òun á wà wọ́n lọ, òun á sì wà wọ́n bọ̀. Nígbà tí wọ́n dé, Bàbá pè mí, wọ́n ní àwọn jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ bí ọba.

Tó fi máa di àárín November, omi ti ń lọ kíákíá. Èyí tí wọ́n ń fi kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ti di ti ọjọ́ kejì kejì, lẹ́yìn náà ojoojúmọ́. Bàbá ò pè mí kí wọ́n tó ṣe ohun tá a jọ sọ. Wọ́n gbé ọkọ̀ síbẹ̀, wọ́n yọ orí bátìrì, wọ́n bò ó. Mo gbóríyìn fún wọn gidigidi, torí kò rọrùn fún ẹni tó ti ń wakọ̀ láti ọdún pípẹ́ kó máa dúró de ọ̀kadà lẹ́nu géètì ara ẹ̀.

Owó kọ́páréètì jáde lọ́sẹ̀ tó ṣáájú Kérésìmesì, àmọ́ àwọn oní-lathe ti lọ ilé, January la wá ṣe é. Mẹkáníìkì wọn ní Kábbà náà ló ṣe é, òun ni mo fẹ́ kó ṣe é, torí ó mọ ọkọ̀ yẹn, ó sì ti wo inú dígí pẹ̀lú mi. Ó sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Nígbà tó ń tú bóòtù, mẹ́ta nínú àwọn ti ẹ̀yìn jáde wẹ́rẹ́ láìfi agbára kankan tú u, ọ̀kan fa aluminium jáde mọ́ra bí okùn. A gbé búlọ́ọ̀kù lọ sí Lọ́kọ́jà, wọ́n fi búùṣì sí ihò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, mi ò gbà kí wọ́n ṣe mẹ́ta yẹn nìkan kí wọ́n fi méje tó kù sílẹ̀. Wọ́n fi rúlà irin wo ojú tọ́ọ̀pù sìlíńdà, ó tẹ́ gbọọrọ, wọ́n kàn ha á díẹ̀ ni. Ìyẹn ni èrè pé kò hó rí.

Owó náà ò dúró sí ibi tá a fi í sí ṣá. Gásíkẹ́ẹ̀tì ti gbówó lórí, búùṣì àti bóòtù tuntun tí ò sí nínú lísìtì àkọ́kọ́ náà wọlé, gbogbo rẹ̀ wá di ₦462,000. Apá kan nínú ìyẹn, a ì bá san án ní September náà ká ní a mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, apá kan jẹ́ owó dídúró, mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí mọ̀ pé dídúró náà ní owó tirẹ̀, nílẹ̀ wa níbi tí pátì ti ń gbówó lórí kí wọ́n tó gbé e dé Kábbà.

Ọkọ̀ ti ń rìn láti ìgbà yẹn, ó ti lọ sí Lọ́kọ́jà, ó ti lọ sí Ìsánlú, àmì tó wà lára ike omi ò kúrò lójú kan. Wọ́n ṣe ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn lẹ́yìn Àjíǹde. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ AC ló kù, Màmá sì ń sọ ọ́ ní gbogbo ìgbà tí oòrùn bá mú, Bàbá á ní kí wọ́n wa gíláàsì wálẹ̀.